Chin-up tàbí pull-up: èwo ló ń fún ẹ̀yìn lágbára jù?

Kò sí jíìmù tí ọ̀rọ̀ yìí kì í ti í dá àríyànjiyàn sílẹ̀. Ẹnì kan á ní pull-up ni ti ọkùnrin gidi, pé chin-up kàn ń wú apá lásán ni. Ẹlòmíràn á ní irọ́ ni, chin-up ló ń jẹ́ kí ẹ̀yìn fẹ̀. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tí kò tíì lè fa ara rẹ̀ sókè lẹ́ẹ̀kan péré, á wá dúró sáàárín wọn, kò ní mọ èyí tí ì bá dì mú. Èrò tèmi ni pé ariwo inú ọ̀rọ̀ náà pọ̀ ju ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ lọ. Ní ti ẹ̀yìn gan-an, ìyàtọ̀ àárín méjèèjì kéré. Apá, ìgúnpá, ọrùn ọwọ́ àti èjìká ni ìyàtọ̀ náà ti pọ̀, ibẹ̀ ló sì yẹ kí ènìyàn wò kó tó mú èyí tó máa ṣe.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yà wọ́n sọ́tọ̀, nítorí ọ̀pọ̀ ló ń pe méjèèjì ní orúkọ kan. Bákan náà ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀: ẹ ó dìrọ̀ mọ́ irin tó wà lókè orí, ẹsẹ̀ ò ní kan ilẹ̀, ẹ ó sì fa ara yín sókè títí àgbọ̀n yóò fi kọjá irin. Bí ẹ bá di irin mú tó jẹ́ pé ẹ̀yìn ọwọ́ lẹ̀ ń wò, tí àtẹ́lẹwọ́ kọjú síwájú, pull-up nìyẹn. Bó bá jẹ́ àtẹ́lẹwọ́ yín ló kọjú sí yín, chin-up ni. Nínú pull-up, ọwọ́ sábà máa ń fẹ̀ ju èjìká lọ díẹ̀. Nínú chin-up, ó máa ń ṣe déédéé èjìká tàbí kó tún súnra jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀nà kẹta wà: àwọn irin kan ní ibi ìdìmú méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tí àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì á fi máa wo ara wọn. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, ó máa wúlò fún àwọn tí nǹkan ń dùn.

Iṣan tó ń ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ jù nínú gbogbo èyí tóbi, ó sì tẹ́ pẹrẹsẹ bí abẹ̀bẹ̀. Láti ìdajì ìsàlẹ̀ ọ̀pá ẹ̀yìn títí dé ìbàdí ló ti bẹ̀rẹ̀, ó gba ẹ̀gbẹ́ gòkè, ó kó ara rẹ̀ jọ lábẹ́ abíyá, ó sì lọ so mọ́ eegun apá òkè. Latissimus dorsi ni àwọn dókítà ń pè é, àwọn ọmọ jíìmù ń pè é ní lats. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ ọ́n lára ara yín, ẹ jókòó sídìí tábìlì, ẹ gbé ìgúnpá ọ̀tún lé e. Ẹ fi ọwọ́ òsì di ẹran tó wà lẹ́yìn abíyá ọ̀tún mú. Ẹ wá fi ìgúnpá yẹn tẹ tábìlì mọ́lẹ̀ gidigidi. Ẹran tó le gbandi lọ́wọ́ yín yẹn, òun ni. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó fa apá tó wà lókè wálẹ̀ sí ìhà, kó sì fa apá tó wà níwájú padà sẹ́yìn. Bí ọwọ́ bá wá di irin tí kò lè kúrò níbi tó wà mú, ara ló máa gbéra.

Ibi tí iṣan yìí parí sí ṣe pàtàkì. Eegun apá òkè ló so mọ́, kò kọjá ìgúnpá. Yíyí àtẹ́lẹwọ́ síbí tàbí sọ́hùn-ún, apá ìsàlẹ̀ ló ti ń ṣẹlẹ̀, láti ìgúnpá sí ọrùn ọwọ́. Lats ò mọ ibi tí àtẹ́lẹwọ́ kọjú sí. Ọ̀nà tí ìgúnpá gbà wálẹ̀ nìkan ló kàn án. Nínú pull-up, ìgúnpá ń ti ẹ̀gbẹ́ bọ̀ wá sí ìhà. Nínú chin-up, iwájú ló ti ń bọ̀. Iṣan kan náà ló ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì, ó sì mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa.

Kí ló wá dé tí chin-up fi máa ń rọrùn fún ọ̀pọ̀ ènìyàn ju pull-up lọ? Apá ló fà á. Ẹ tún dán ọ̀kan wò: ẹ ká apá ọ̀tún, kí ìgúnpá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìhà, kí ọwọ́ nà síwájú. Ẹ fi ọwọ́ òsì di iṣan iwájú apá òkè mú, èyí tí àwọn ọmọdé máa ń wú han ara wọn. Ẹ dojú àtẹ́lẹwọ́ dé ilẹ̀, kí ẹ wá yí i sókè díẹ̀díẹ̀ bí ẹni fẹ́ gba owó. Bó ti ń yí sókè ni iṣan yẹn á máa wú, tí á máa ga. Biceps ni. Kì í ṣe kíká apá nìkan ni iṣẹ́ rẹ̀, òun náà ló ń yí àtẹ́lẹwọ́ sókè. Ara eegun apá ìsàlẹ̀ tó wà lọ́wọ́ àtàǹpàkò ni ìdí rẹ̀ so mọ́. Bí àtẹ́lẹwọ́ bá dojú délẹ̀, eegun náà á yí, á wé okùn iṣan yẹn mọ́ ara rẹ̀, ipá tí biceps lè fi fà á á dín kù. Iṣan kan tó wà lábẹ́ rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní brachialis, pẹ̀lú iṣan òkè apá ìsàlẹ̀, ni wọ́n á gba ẹrù náà. Nínú pull-up, bí ọ̀rọ̀ biceps ṣe rí nìyẹn: ó wà níbẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ipò tí wọ́n fi í sí kò rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Nínú chin-up, ipò tó dára jù lọ fún un ló wà.

Àwọn oníwádìí ti wọn ọ̀rọ̀ yìí wò. Lọ́dún 2010, ìwé ìwádìí Journal of Strength and Conditioning Research gbé iṣẹ́ kan jáde tí wọ́n ṣe pẹ̀lú ènìyàn 25, ọkùnrin 21 àti obìnrin 4. Wọ́n lẹ ohun èlò tó ń ka iná tín-ín-rín tí iṣan ń mú jáde mọ́ wọn lára, wọ́n ní kí wọ́n ṣe pull-up, kí wọ́n ṣe chin-up, kí wọ́n sì ṣe irú kan tí ibi ìdìmú ti ń yí bí ara ṣe ń gòkè. Iṣan kọ̀ọ̀kan ti kọ́kọ́ sa gbogbo ipá rẹ̀ lójú kan, wọ́n sì pe ìyẹn ní 100. Lats wọ láàárín 117 sí 130 nínú gbogbo wọn. Kí ó má ya yín lẹ́nu pé ó ju 100 lọ, ohun tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n ni ipá tí ènìyàn ń sà láì mira, iṣan tó ń lọ tó ń bọ̀ lábẹ́ ẹrù gbogbo ara sì lè kọjá ibẹ̀. Biceps wà láàárín 78 sí 96. Láàárín chin-up àti pull-up, ìyàtọ̀ tó ṣeé tọ́ka sí nìyí: biceps àti iṣan àyà ṣiṣẹ́ ju nínú chin-up, ìsàlẹ̀ trapezius sì ṣiṣẹ́ ju nínú pull-up. Lats ò sí nínú àwọn tí wọ́n dárúkọ.

Ìsàlẹ̀ trapezius yẹn tọ́ sí kí a dúró lórí rẹ̀ díẹ̀, torí òun nìkan ni ẹ̀yìn fi jàǹfààní nínú pull-up ju chin-up lọ. Àárín ẹ̀yìn ló wà, láàárín eegun pẹlẹbẹ méjì tó wà lẹ́yìn èjìká. Òun ló ń fa àwọn eegun náà wálẹ̀ kúrò létí. Ẹni tó ń jókòó sídìí kọ̀ǹpútà látàárọ̀ dalẹ́, tí èjìká rẹ̀ ti ká síwájú, ó nílò iṣan yìí gan-an. Nítorí náà bí ẹnìkan bá sọ pé pull-up dára fún ẹ̀yìn ju chin-up lọ, kì í ṣe irọ́ pátápátá ló pa. Àǹfààní náà wà. Ṣùgbọ́n ibi tí àwọn ènìyàn ń tọ́ka sí, ìyẹn ẹ̀gbẹ́ tó ń fẹ̀ bí ìyẹ́, kọ́ ló wà.

Ìgbàgbọ́ kan tún wà pé bí ọwọ́ bá ṣe fẹ̀ tó lórí irin ni ẹ̀yìn ṣe máa fẹ̀ tó. Ẹ ó rí ọ̀dọ́mọkùnrin tó na apá dé ìpẹ̀kun irin méjèèjì, tó wá ń fi orí nìkan gbọn sókè gbọn sílẹ̀. Ìwádìí kan tó jáde ní 2014 lo ẹ̀rọ tí ènìyàn ń jókòó sí fa irin wálẹ̀, wọ́n dán ìdìmú tóóró, ti àárín àti èyí tó fẹ̀ wò. Iṣẹ́ lats fẹ́rẹ̀ẹ́ rí bákan náà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹrù tí àwọn ènìyàn lè fà nígbà tí ọwọ́ fẹ̀ jù ló kéré. Ẹ fi ọwọ́ sí ibi tó ju èjìká lọ díẹ̀, ó tán.

Ní ti pé ọ̀kan jẹ́ ti ọkùnrin gidi, àwọn ológun Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní Marine Corps, tí fífa ara sókè wà nínú ìdánwò agbára ara wọn, ò bá wọn dá sí ìjà yẹn. Òfin wọn gbà kí àtẹ́lẹwọ́ kọjú síwájú tàbí kó kọjú sẹ́yìn, èyí tó bá wu ológun. Ohun tí wọ́n ń ṣọ́ ni kí apá nà tán nísàlẹ̀, kí àgbọ̀n kọjá irin lókè, kí ènìyàn má sì fi ẹsẹ̀ jù ara rẹ̀. Èmi gba tiwọn lórí èyí. Chin-up mẹ́fà tí apá nà tán dára fún ẹ̀yìn ju pull-up méjìlá tó dúró ní ìdajì lọ, torí ibi tí apá ti nà tán yẹn ni lats ti ń nà dáadáa, òun sì ni àwọn ènìyàn máa ń sá fún.

Ó kù síbì kan tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń da ọ̀pọ̀ láàmú, òun ló sì jọ mí lójú jù. Bí Yorùbá bá ní ẹ̀yìn ń dun òun, ìbàdí ló sábà ń sọ. Ẹni bẹ́ẹ̀ á gbọ́ pé pull-up ń fún ẹ̀yìn lágbára, á lọ máa dìrọ̀ mọ́ irin, á sì máa retí kí ìbàdí san. Iṣan tó na ọ̀pá ẹ̀yìn ró, tó ń gbé wa dúró, tí a fi ń gbé garawa omi nílẹ̀, yàtọ̀ sí lats. Nínú ìwádìí 2010 yẹn, nǹkan bí 40 ni tirẹ̀ dé, nígbà tí lats ti kọjá 100. Chin-up tàbí pull-up kò ní ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Gbígbé ẹrù láti ilẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀yìn tó tọ́, tí wọ́n ń pè ní deadlift, ló ń ṣe é, àti fífi ikùn dùbúlẹ̀ kí a máa gbé àyà àti ẹsẹ̀ sókè díẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni àárín ẹ̀yìn, láàárín èjìká méjèèjì, ṣe nílò kí a máa fa nǹkan láti iwájú wá sí àyà, kì í ṣe láti òkè nìkan. Ẹ dùbúlẹ̀ sábẹ́ irin tó rẹlẹ̀ tàbí tábìlì tó lágbára, ẹ di etí rẹ̀ mú, ẹ fa àyà lọ bá a. Ẹni tó ń ṣe pull-up lójoojúmọ́ tí kò ṣe ìyẹn rárá, ẹ̀yìn rẹ̀ ò tíì pé.

Wàyí o, ta ló yẹ kó ṣe èwo? Bí ìgúnpá yín bá máa ń dùn lápá inú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ eegun kékeré tó yọ síta níbẹ̀, chin-up púpọ̀ lórí irin gbọọrọ lè mú un le sí i. Irin gbọọrọ ò jẹ́ kí ọrùn ọwọ́ yí bó ṣe fẹ́, gbogbo ìfúnpá náà á sì lọ sórí okùn iṣan tó so mọ́ eegun yẹn. Ẹ dín in kù, ẹ lọ sí pull-up, tàbí kí ẹ wá irin tí àtẹ́lẹwọ́ ti ń wo ara wọn. Bó bá jẹ́ èjìká ló ń ta yín nígbà tí apá bá gòkè sẹ́gbẹ̀ẹ́, pull-up tí ọwọ́ fẹ̀ ni kí ẹ fi sílẹ̀, chin-up tàbí ìdìmú tó dojú kọra máa tù yín. Fífa ara sókè kí irin bọ́ sẹ́yìn ọrùn, mi ò rí ohun tó ń fún ẹnikẹ́ni tó tó ewu tó ń kó bá èjìká. Bí ìka bá ń kú tàbí tí ìrora ń ta láti ọrùn wá sí apá, ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ lọ rí dókítà.

Ẹni tí nǹkan kan ò dùn, tó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, chin-up ni kó fi ṣáájú. Ìdí rẹ̀ ò ju pé biceps á ràn án lọ́wọ́, á sì tètè lè fa ara rẹ̀ sókè ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀mẹ́rin. Ẹ̀yìn kì í lágbára látara ohun tí ènìyàn ò lè ṣe. Ẹni tó ń ṣe chin-up márùn-ún láti ilẹ̀ dé òkè ń fún lats ní iṣẹ́ tó pọ̀ ju ẹni tó ń jà fún ààbọ̀ pull-up kan lọ. Kì í sì í ṣe ohun ìtìjú bí kò bá tíì ṣeé ṣe rárá. Gbogbo ìwọ̀n ara lẹ fẹ́ gbé, ẹni 90 kílò ń gbé 90 kílò. Nígbà tí Marine Corps fẹ́ sọ pull-up mẹ́ta di dandan fún àwọn obìnrin wọn, ó ju ìdajì àwọn tó ń gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lọ tí kò lè dé ibẹ̀ ní ìparí 2013, wọ́n sì ní láti sún òfin náà síwájú. Ológun ni wọ́n o.

Ọ̀nà tó dájú jù láti dé ọ̀kan àkọ́kọ́ ni sísọ̀ kalẹ̀. Ẹ fi àga gun òkè títí àgbọ̀n yóò fi kọjá irin, ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò, ẹ wá máa sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí ó gbà tó ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún kí apá tó nà tán. Iṣan lágbára láti dá ẹrù dúró ju bó ṣe lágbára láti gbé e lọ, ìdí nìyẹn tí ẹni tí kò lè gòkè fi lè sọ̀ kalẹ̀ bó ti yẹ. Mẹ́ta sí márùn-ún ti tó ní sẹ́ẹ̀tì kan (ìyẹn iye tí ẹ ṣe léra wọn kí ẹ tó sinmi), sẹ́ẹ̀tì mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀. Ẹ má ṣe é lójoojúmọ́, sísọ̀ kalẹ̀ máa ń jẹ́ kí ara ro ènìyàn ju gígòkè lọ. Ẹ fi dídìrọ̀ lásán kún un: ẹ dìrọ̀ mọ́ irin, apá á nà gbọọrọ, èjìká á sún mọ́ etí. Láì ká apá rárá, ẹ fa èjìká wálẹ̀ kúrò létí kí àyà gbéra díẹ̀, ẹ tún jẹ́ kó padà. Ìgbésẹ̀ kékeré yẹn ló yẹ kí gbogbo chin-up àti pull-up fi bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá fò ó, tó kàn ká apá, apá nìkan ló máa rẹ̀ ẹ́, á wá máa bèèrè ìdí tí ẹ̀yìn òun ò fi mọ nǹkan kan.

Ibi tí kò bá sí jíìmù, irin gọ́ọ̀lù pápá ilé ẹ̀kọ́ ni ọ̀pọ̀ wa ń lò. Irin gọ́ọ̀lù tó pé ìwọ̀n fi mítà 2.44 ga sílẹ̀, ó tó fún ọ̀pọ̀ ènìyàn láti dìrọ̀ láì ká ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n ó sanra ju irin jíìmù lọ, ọwọ́ á tètè rẹ̀ yín kí ẹ̀yìn tó rẹ̀ ẹ́, ẹ má fi ìyẹn rò pé agbára yín ti dín kù. Ẹ kọ́kọ́ mì í dáadáa kí ẹ tó dìrọ̀ mọ́ ọn. Gọ́ọ̀lù tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò wọ ilẹ̀ lè ṣubú lu ènìyàn, ó sì ti pa àwọn ọmọdé rí.

Nígbà tí chin-up bá ti tó mẹ́fà tàbí mẹ́jọ lẹ́ẹ̀kan náà, pull-up á ti ṣeé ṣe, ìgbà yẹn ni mo fara mọ́ kí ènìyàn máa ṣe méjèèjì. Ẹ yan pull-up fún ọjọ́ kan, chin-up fún òmíràn láàárín ọ̀sẹ̀. Tó bá jẹ́ ọjọ́ kan náà lẹ fẹ́ ṣe wọ́n, ẹ fi pull-up ṣáájú, nígbà tí apá ò tíì rẹ̀. Ẹ máa dúró nígbà tí ẹ mọ̀ pé ó ku ọ̀kan tàbí méjì tí ẹ lè ṣe, ẹ má fà á títí ara á fi bẹ̀rẹ̀ sí jà fitafita. Bí méjèèjì bá ti kọjá mẹ́wàá, fífi kún iye nìkan ò ní fún ẹ̀yìn ní agbára púpọ̀ mọ́, ẹrù ló kù láti fi kún un. Kò dìgbà tí ẹ bá ra bẹ́líìtì tí wọ́n ń fi irin kọ́. Ẹ kó ike omi sínú báàgì ẹ̀yìn, kí ẹ so okùn rẹ̀ mọ́ra dáadáa kó má máa jù. Lítà omi kan jẹ́ kílò kan; ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí méjì, kí ẹ sì padà sí ẹ̀ẹ̀marùn-ún ní sẹ́ẹ̀tì kan.